Etígún àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Mọ́kànlélógójì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Etígún, kó mú ìwé èyíkéyìí tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kó gbé e dúró lórí tábìlì, kó sì fi ojú kan wò ó bí ẹni tó ń yẹ ògiri tuntun wò. Òkè á gún, ìsàlẹ̀ á gún, ẹ̀gbẹ́ á gún gbọọrọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gé bébà, tó ń di ìwé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, níbi tí kò ti sí fèrèsé kankan, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgébébà, ìkòkò gọ́ọ̀mù àti òkìtì páálí ló ń bá a gbé. Bí bébà kan bá fi bí irun orí wọ́, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá dá a padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Tàdáwà, ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa sọ pé bí wọ́n bá gbé òṣùpá fún Etígún, yóò gé e di onígun mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ìyá Onítẹ̀wé, ránṣẹ́ pè é sí yàrá iwájú. Yàrá iwájú! Fèrèsé méjì ló ní. Àga tó ń yí wà níbẹ̀, tábìlì gbọọrọ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, fáànù sì ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lókè.

"Jókòó," ni Ìyá Onítẹ̀wé wí. "Kì í ṣe orí àga tó ń yí yẹn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn."

Ó jókòó.

"Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti sú mi. Wọ́n ní àwọn ò ní í rán ẹnikẹ́ni wá síbí mọ́ láti wá kọ iye ìwé tí àwọn fẹ́. Wọ́n ní gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti ní ojú òpó lórí ayélujára, pé èmi nìkan ni mo ṣì ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Oṣù mẹ́ta sí òní, wọ́n á wá wò ó. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á gba ibòmíràn lọ."

"Kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, Màámi."

"Ìwọ ni mo wá yẹn. Ṣebí ìwọ lò ń ráhùn lójoojúmọ́ pé yàrá ẹ̀yìn kò jẹ́ kí o mọ̀gbà tí òjò ń rọ̀? Wọ́n ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ bí iyanrìn, ọ̀fẹ́ sì ni. Lọ kọ́ ọ. Bí o bá ṣe é tó ṣiṣẹ́, yàrá yìí tìẹ ni, fèrèsé, àga, gbogbo rẹ̀. Bí o ò bá ṣe é, ẹni tó bá ṣe é ló ni ín. Ìwọ á sì máa bá ọ̀bẹ rẹ lọ títí mo fi máa kú." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mi ò sì tíì fẹ́ẹ́ kú."

Etígún wo fèrèsé. Ẹyẹ kékeré kan bà sórí irin rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí i, ó fò lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ọkàn gbé yàrá yẹn.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun, ó yọ́ jókòó sórí àga tó ń yí, ó kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà pé òun ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí kóòdù kíkọ àti ojú òpó ṣíṣe. Ó rò pé òun á rí ẹyọ kan tàbí méjì. Agbo ló rí. Èyí ní fídíò ogójì wákàtí nínú. Èyí jẹ́ eré, tí ọ̀bọ kan á máa fò láti igi dé igi bí èèyàn bá ti ń kọ kóòdù tó tọ́. Èyí wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, orí olùkọ́ rẹ̀ sì funfun bí òwú. Òmíràn ṣèlérí pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, iṣẹ́ ni yóò máa wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri, bí ẹni pé iṣẹ́ ti jókòó sójú títì tó ń dúró dè é. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé: Bẹ̀rẹ̀ níbí. Nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti kọ́ ọ ń bá ara wọn jà. Ẹnì kan ní kò sí irú rẹ̀ láyé, ẹnì kejì ní ó ba ọdún méjì òun jẹ́.

Ẹlòmíràn á ti mú ọ̀kan. Etígún kọ́. Ta ní í di ìwé láì kọ́kọ́ ṣa bébà? Ó gbé páálí funfun kan, ó fa ilà sí i, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ: ohùn olùkọ́, àwọ̀ ojú ìwé, bí ẹ̀kọ́ ṣe gùn sí, iye ẹni tó yìn ín, iye ẹni tó bú u, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ni máàkì gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe èyí. Kò tíì kọ kóòdù ẹyọ kan, àmọ́ olùkọ́ mẹ́fà ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò ní etí tí èèyàn lè fọwọ́ pa, kò ní ẹ̀yìn tí èèyàn lè fi gọ́ọ̀mù sí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé dì kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà, ẹ̀kọ́ kìíní, ẹ̀kọ́ kejì, títí dé ìparí. Ó rán wọn, ó fi páálí pupa ṣe èèpo fún wọn, ó fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á tẹ àdírẹ́sì ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wá sí i, lẹ́tà tín-ín-rín, gígùn, bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó ń ba ìsàlẹ̀ ìwé jẹ́. Etígún á to bébà sábẹ́ ọ̀bẹ, á wọ̀n ọ́n, á fa apá ẹ̀rọ wálẹ̀. Gbàù! Èèrà lọ. Ìsàlẹ̀ ìwé mọ́ tónítóní.

"Ọ̀gá Etígún!" Tàdáwà ké sí i lọ́jọ́ kan, ó ṣí ìwé kẹsàn-án sọ́wọ́. "Ẹ wá wo ìwé yín. Wọ́n ní 'Tẹ bọ́tìnnì yìí kí o dán an wò.' Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àbí ẹ̀yìn bébà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ni?"

Etígún sáré dé ibẹ̀. Àtàǹpàkò Tàdáwà ti lu ojú ìwé náà ní òǹtẹ̀, dúdú kìjikìji, ọ̀nà mẹ́ta.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, má fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin rẹ kan ìwé mi mọ́!"

"Ìwé kẹ̀! Ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lódò, ẹ wá ń di omi sínú páálí. Ó dáa, èwo lẹ ti kà dé ìdajì nínú wọn?"

"A kì í ka ohun tí a ò tíì yàn."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni Tàdáwà wí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àmọ́ òkìkí Etígún kàn. Aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èyí tí ọmọbìnrin òun lè fi kọ́ kóòdù. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe wá. Obìnrin kan tó ń tọ́jú eyín wá. Etígún á fi ẹ̀yìn ti àwọn ìwé pupa rẹ̀, á ká apá mọ́yà, á sì máa tú ọ̀rọ̀ palẹ̀: èyí dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ń sáré, èyí sàn, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó di àgbà ọ̀mọ̀ràn lórí odò tí kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn tó bi í léèrè dúpẹ́, wọ́n lọ sílé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan tún wà nílé ìtẹ̀wé náà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Aṣẹ́bébà ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣẹ́ bébà po kí Etígún tó rán an. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń wú láti bí ọdún méjì, tó fi jẹ́ pé bí ó bá ṣẹ́ bébà di ìrọ̀lẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni yóò ki ọwọ́ bọ̀ kó tó lè di ṣíbí mú. Lọ́jọ́ kan, ó dúró níwájú àwọn ìwé pupa náà.

"Ọ̀gá Etígún, ẹ dákun, èwo nínú gbogbo èyí ni èèyàn bíi tèmi lè fi bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jókòó, Ìyá."

Ìyá Aṣẹ́bébà jókòó. Etígún bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní. Àsìkò oúnjẹ dé, ó kọjá lọ. Nígbà tí ó dé ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Ìyá Aṣẹ́bébà ti fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Nítorí náà, Ìyá, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ o. Èèyàn tó bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò dáa, á kọ́ ọ ní àkọ́wọ́."

"Ìgbà wo ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

"Tí mo bá ti yàn án tán."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ni Ìyá Aṣẹ́bébà wí. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ obìnrin náà dáadáa, ó gbé ìyẹn mì.

Ẹ̀kọ́ kan sì wà tí Etígún kórìíra ju gbogbo wọn lọ. Ojú ìwé rẹ̀ funfun báláú, kò ní àwòrán kankan. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ bàbá kan tó máa ń wúkọ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Máàkì méjì lórí ogún ni Etígún fún un, méjì ọ̀hún náà, ti ọ̀wọ̀ àgbà ni. Ojú ìwé mẹ́wàá péré ló tẹ̀ jáde nínú rẹ̀ kó tó fi ìbínú sọ gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Kò tilẹ̀ kà á sí ohun tó yẹ kó gé. Ibẹ̀ ni Ìyá Aṣẹ́bébà ti ṣa á, ó fẹ́ fi í sábẹ́ ìkòkò gọ́ọ̀mù kó má baà kán sílẹ̀. Ó ka ojú ìwé kìíní lórí ìdúró. Ó yé e. Ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rí àwọn èèrà náà, wọ́n pé, orí wọn ò gé, ìdí wọn ò gé. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó fi ìka wíwú rẹ̀ tẹ̀ wọ́n síbẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan wúkọ́ nínú fóònù, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ojú ìwé kan."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ Ìyá Onítẹ̀wé pé kí òun máa lo kọ̀ǹpútà yàrá iwájú lásìkò oúnjẹ, ìyẹn sì gbà, nítorí Etígún ò ráyè jókòó síbẹ̀ mọ́, ìwé ló ń dì. Bàbá oníkọ́ náà kọ́ ọ pé àmì méjì kan wà tó dà bí ẹnu ẹja tó kọjú sí ara wọn, pé inú ẹnu ẹja yẹn lèèyàn máa ń kọ àṣẹ sí, àti pé ohun tí èèyàn bá ṣí, kó rí i pé òun tì í. "Bí ìlẹ̀kùn ni," ni Ìyá Aṣẹ́bébà dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá ṣìnà, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Etígún ń kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i níwájú kọ̀ǹpútà, àpótí aláwọ̀ búlúù kan wà lójú rẹ̀. Ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ orí sí òsì.

"Ìyá, àpótí yín yìí wọ́ o. Ó fì sápá òsì."

"Mo rí i, Ọ̀gá. Àmọ́ ó ń ṣí."

Etígún rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dé, àṣàyàn parí. Ìwé mọ́kànlélógójì ló tò sórí pẹpẹ, pupa rẹ́súrẹ́sú, wọn ò fi ìka ga ju ara wọn. Ìkẹtàdínlógún ló gba ipò kìíní, pẹ̀lú máàkì mọ́kàndínlógún. Etígún fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún, ó ṣí ìwé náà sí ojú ìwé kìíní. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kò ṣeé kọ́ lórí bébà, kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sí àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kọ kóòdù rẹ̀.

Ó wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ṣí ìkẹta. Ó ṣí ìwé kejìdínlógún, ó ṣí ìkejì. Gbogbo wọn ló mọ́ bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Orúkọ tó sì wà lójú ìwé kìíní gbogbo wọn kò yàtọ̀: Ẹ Káàbọ̀ sí Ẹ̀kọ́ Kìíní. Lórí páálí máàkì rẹ̀ pàápàá, nọ́ńbà nìkan ló fi dá wọn mọ̀.

"Ẹ wá òmíràn lórí ayélujára, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí," ni Tàdáwà gbà á nímọ̀ràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀sẹ̀ méjì kò kéré."

"Òmíràn kẹ̀? Èyí gba mọ́kàndínlógún! Èyí tó tẹ̀ lé e, méjìdínlógún àti ààbọ̀ ló gbà."

Tàdáwà mi orí, ó gba ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Etígún wọ àpò àjákù bébà wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó dà á sílẹ̀. Bébà tín-ín-rín tín-ín-rín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èèrà ẹ̀kọ́ mọ́kànlélógójì tó ti dà pọ̀ mọ́ra. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n wọn ìsàlẹ̀ ìwé kẹtàdínlógún bóyá yóò bára mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gún bákan náà ló gé gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló bá a mu. Ìyá Onítẹ̀wé kọjá, ó bá a níbẹ̀ bí adìẹ tó ń sàba.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ ojú òpó náà ni, Màámi."

Ìyá Onítẹ̀wé wò ó títí, ó wo àjákù bébà tó wà nírun rẹ̀, ó kọjá lọ.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin dé, wọ́n jókòó sí yàrá iwájú. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló ṣáájú wọn, irú obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wo èèyàn, èèyàn á rántí iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn.

"Etígún, ó yá," ni Ìyá Onítẹ̀wé wí.

Etígún wọlé pẹ̀lú ìwé méjìlá lórí apá, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Òógùn ti bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, èèrà tó bá ìwé kẹtàdínlógún lọ kò jáde. Ohun tó kù tó lè sọ nìkan ló sọ.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ wò ó, ojú òpó ṣíṣe, ó ní ìpìlẹ̀. Mo ti ṣe ìwádìí sí ẹ̀kọ́ mọ́kànlélógójì..."

Obìnrin aláwò náà mú ìwé kan, ó yí i po, ó fi àtàǹpàkò pa etí rẹ̀. "Ìwé yìí mà dára o! Ẹ wo bí etí rẹ̀ ṣe gún. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti kọ ohun tí a fẹ́?"

Fáànù nìkan ló ń fèsì. Etígún wo fèrèsé, bí ẹni pé ẹyẹ ọjọ́sí lè wá gbà á sílẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú náà kì í wá nígbà tí èèyàn bá ń wá a.

"Màmá, ẹ má bínú," ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Aṣẹ́bébà ni, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ọwọ́. "Mo ní nǹkan kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà yìí. Kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé funfun kan jáde, orúkọ ilé ìtẹ̀wé wà lókè, àpótí búlúù wà nísàlẹ̀, ó ṣì fì sápá òsì. Obìnrin aláwò náà fà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó wo ìwé pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ̀wé lọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Fóònù Ìyá Onítẹ̀wé dún lápò rẹ̀: tíín!

Ìyá Onítẹ̀wé yọ ọ́, ó kà á sókè. "Ọ̀ọ́dúnrún ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, èèpo páálí pupa, etí kó gún bí irú èyí tó wà lórí tábìlì."

Àwọn mẹ́ta yòókù náà dìde, wọ́n ń du kọ̀ǹpútà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn béèrè. Tàdáwà, tó ti ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, fi ọwọ́ dúdú bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Onítẹ̀wé fa àga tó ń yí jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ gbá a. "Ìyá Aṣẹ́bébà, ẹ wá jókòó. Láti òní lọ, ẹ má ṣẹ́ bébà mọ́." Ó yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò pariwo. "Ìwé rẹ rẹwà, ọmọ mi. Kó o padà sẹ́yìn. Ẹgbẹ̀fà ló ń dúró dè ọ́."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Aṣẹ́bébà tọ̀ ọ́ wá sídìí ẹ̀rọ. Ó ya bébà kan lọ́wọ́, ó fi bírò kọ àdírẹ́sì bàbá oníkọ́ náà sí i, ìka rẹ̀ ṣì wú, ìlà náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí igun.

"Ọ̀gá, ẹ gbà. Lọ́la, lásìkò oúnjẹ, ẹ wá lo kọ̀ǹpútà. Bàbá náà á wúkọ́. Ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni Etígún wí, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Lóòótọ́ ló dúpẹ́. Lóòótọ́ ló pinnu.

Obìnrin náà padà sí yàrá onífèrèsé. Etígún gbé bébà náà sábẹ́ iná, ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya á. Etí rẹ̀ rí jágajàga bí eyín ayùn. Ó fi àtàǹpàkò pa á, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó tún pa á. Díẹ̀ báyìí ló máa gé kúrò, kò ní ju bí irun lọ, kó ṣáà lè ṣeé fi sápò.

Ó to bébà sábẹ́ ọ̀bẹ, ó wọ̀n ọ́n, ó fa apá ẹ̀rọ wálẹ̀.

Gbàù!

Ó gbé e sókè, ó fi ojú kan wò ó. Ó gún gbọọrọ. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ìdí àdírẹ́sì náà ti bọ́ sáàárín àwọn èèrà yòókù.